Ẹ̀jẹ̀ Tó Lé Mi Síta Ilé Ọlọ́run

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, nítorí kò jẹ́ kí ìtìjú pa mí. Halelúyà! Èmi tí mò ń rán sùtánà fún ọ̀pọ̀ yín ní Mọ́kọ́lá nìyí. Ẹ mọ bẹ́ǹṣì tó wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń bọ́ bàtà sí, tí àwọn obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù máa ń jókòó sí. Nígbà tí mo fi lóyún ọmọ tó wà lẹ́yìn mi yìí, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù.

Kókó kéékèèké ló hù sí mi lójú ara. Wọn kò dùn mí, wọ́n kàn ń yún mi. Nígbà tí mo lóyún, wọ́n ṣùpọ̀ bí olú ara igi. Tí aṣọ bá ha wọ́n, ẹ̀jẹ̀ dé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Ìyá Ìjọ rí i lára sùtánà mi.

"Ìyá Dàre, bọ́ síta."

"Mà, mo lóyún. Kì í ṣe nǹkan oṣù."

"Aboyún wo ló ń ṣẹ̀jẹ̀ sáṣọ funfun? Àbí o ti ń jẹ ọmọ inú ẹ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ ara yín. Wọ́n ní kí n máa fi omi iyọ̀ àti lọ́fínńdà fọ ibẹ̀. Yéè! Lọ́fínńdà lójú egbò! Ọkọ mi ń lu agogo lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ nígbà tí wọ́n lé mi jáde. Ó gbọ́, ó sì ń lu agogo rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù ọmọ ló gbé mi dé ọsibítù. Dókítà obìnrin kan yẹ̀ mí wò, kò yínmú.

"Wọ́ọ̀tì ni, mà. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló fà á, ìbálòpọ̀ ló sì ń gbé e kiri. Kì í ṣe àjẹ́."

"Ṣé ọmọ mi máa kú?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan kan jó ibẹ̀ mọ́."

Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ títí ó fi ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mi ni?" Ó ní oògùn olómi kan wà tí wọ́n máa ń fi pa kókó náà, ṣùgbọ́n kò dára fún aboyún. Omi kan tó tutù ju yìnyín lọ, tó ń rú èéfín, ni wọ́n fi pa á lára mi. Ó ta mí gan-an. Ó tún hù, wọ́n tún pa á. Dókítà ní kókó náà lè lọ kí kòkòrò rẹ̀ ṣì wà lára, ó sì lè fara pamọ́ fún ọdún kó tó yọjú. Rọ́bà ìdáàbòbò ń dín in kù, ṣùgbọ́n kì í bo gbogbo ibẹ̀, nítorí náà ká dúró ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó ní kí ọkọ mi wá, kí n sì máa wá kí wọ́n bá mi yẹ ẹnu ilé ọmọ wò lẹ́yìn ìbímọ, torí àwọn kan nínú ẹbí kòkòrò yìí lè fa jẹjẹrẹ níbẹ̀.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó wolẹ̀.

"Mo ti ní i rí, kó tó kàn ẹ́. Oníkẹ́míìsì kan ló bá mi jó o."

"Bàbá Dàre, ẹ sì jẹ́ kí n jókòó síta?"

"Ojú ló ń tì mí."

Ojú! Àrùn kan náà: òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà.

Mo bímọ láyọ̀, ọmọ pé. Ògo ni fún Jésù! Ìyá Ìjọ gbé ẹyẹlé wá síbi ìsọmọlórúkọ. Wọn kò mẹ́nu ba bẹ́ǹṣì.

Ẹ bá mi yọ̀, ará. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wọlé bọ̀ ní àárọ̀ yìí, ọmọbìnrin kan ti wà lórí bẹ́ǹṣì náà, ó dorí kodò. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè irú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́. Ẹ gbé orin ọpẹ́ mi. Èmi ń jáde lọ bá a, níta níbẹ̀ la ó ti jo ijó ọpẹ́ náà.