Ohùn Irja Lẹ́nu Mi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ife kọfí yín kalẹ̀ díẹ̀, ẹ má bínú pé mo dá yín lẹ́nu lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun, ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mo fi ẹ̀rín bò ó, kò bò. Mo fi iṣẹ́ àánú bò ó, kò bò. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ara mi kò yá. Èyí tí ẹ kò mọ̀ ni pé n kò ní nílò igi ìdáná fún ìgbà òtútù tó ń bọ̀. Dókítà tó wà ní ìlú Marquette kò là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ já sí. Ikú yìí kò bà mí lẹ́rù tó ohun tí mo fẹ́ sọ. Èmi Taimi Rautio, tí ẹ ń pè ní ọwọ́ ọ̀tún àwọn arúgbó ìlú yìí, èmi ni mo ba ayé Irja Heikkala jẹ́. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Kì í ṣe àrùn ọpọlọ. Èmi ni.

Ẹ̀yin àgbà inú yín mọ bí èmi àti Irja ti jẹ́ síra wa. Inú kòtò ìwakùsà bàbà kan náà ni baba tèmi àti baba tirẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó lé ní ilé-ìwé. Láti ìgbà tí irun wa ti dúdú ni òun ti ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì yìí, tí èmi sì ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀bùn tirẹ̀ wà ní ìka ọwọ́, tèmi wà lẹ́nu. Mo mọ ènìyàn sín jẹ. Bí mo bá sín pásítọ̀ jẹ, ìyàwó rẹ̀ á dáhùn láti kíṣìnì. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohùn tí mo lè sín jẹ, ti Irja ló mọ́ mi lẹ́nu jù: bó ṣe máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó sọ pé iyọ̀ kù. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi rẹ́rìn-ín. Á ní, "Taimi, lọ́jọ́ tí mo bá kú, ìwọ ni kó o máa bá mi gbé fóònù. Àwọn onígbèsè mi ò ní mọ̀ pé mo ti lọ."

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ewé igi bá ń pọ́n kí òtútù tó dé, tí àsìkò àti yan ètò oògùn ìjọba fún àwa àgbàlagbà bá dé. Ìwé ìpolówó á kún àpótí lẹ́tà, tẹlifíṣọ̀n á máa pariwo, ilé-iṣẹ́ yìí á ní òun ló dára jù, tọ̀hún á ní irọ́ ni. Oògùn tí èyí gbà láti bá ènìyàn san owó rẹ̀, èkejì lè má gbà á, ẹni tó bá sì ṣì í yàn, ó di ọdún mìíràn kó tó tún un yàn. Èmi lọ kọ́ nípa rẹ̀. Mo ń jókòó sí gbọ̀ngàn àwọn arúgbó nídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á kó ìgò oògùn wọn sínú àpò ráńpẹ́ wá bá mi, èmi á tẹ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, èmi á sì fi ètò tó bá wọn mu hàn wọ́n. Wọ́n á ní, "Taimi, kí là bá ṣe tí kì í bá ṣe tìẹ?" Gbólóhùn yẹn ni oúnjẹ mi. Ìgbéraga ni, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀. Mo ti di ẹni tí kò lè sùn bí ẹnì kan nínú ìlú bá yan nǹkan láìbi òun léèrè.

Nígbà tí àsìkò náà dé ní ọdún tí mo ń wí yìí, gbogbo ènìyàn wá bí kò ṣe Irja. Ní ọjọ́ kan tí a ń jẹ mítípáì ní gbọ̀ngàn, mo pè é láàárín èrò. Mo ní, "Irja, ìwọ nìkan ló kù o. Kó ìgò oògùn ẹ wá lọ́la." Ó ní, "Mo ti yan tèmi." Mo ní, "Ta ló bá ẹ yàn án?" Ó ní, "Èmi fúnra mi. Mo pè wọ́n lórí fóònù, a sọ̀rọ̀, mo yàn." Mo bi í pé èwo ló yàn, ó sọ ọ́, mo sì bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tó wọ́n jù nínú gbogbo wọn! Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan lò ń lò, Irja, ta ló ń ra ọkọ̀ akẹ́rù torí pé ó fẹ́ gbé ẹyin kan ṣoṣo?" Irja rọra gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Taimi, gbogbo ìlú ti di aláìsàn ẹ, fi èmi nìkan sílẹ̀. Àbí o tún fẹ́ wá ka ìbọ̀sẹ̀ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Onni Mattila, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí rere, fọwọ́ gbá tábìlì, ó ní, "Áà! Taimi ti pàdé olúwa rẹ̀ lónìí!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn wọ inú mi bí ẹ̀gún, mo sì gbé e lọ sílé.

Mo gbé e kiri títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn àsìkò yíyàn náà. Ọ̀sán ni, búrẹ́dì wà nínú ààrò mi, òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Mo sọ fún ara mi pé ire ni mo fẹ́ ṣe fún un. Mo ní tó bá di ìparí ọdún, tí ó rí i pé kò ná òun lówó púpọ̀, màá wá sọ fún un, a ó sì jọ fi rẹ́rìn-ín. Ẹ wo bí èṣù ṣe máa ń wọ aṣọ àánú! Nọ́ńbà káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi láti àwọn ọdún tí mo ti ń bá a yàn. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ tèmi. Mo gbé fóònù, mo pe ilé-iṣẹ́ tí ètò tiwọn kò wọ́n, kí wọ́n lè yí Irja sí i. Ọmọbìnrin kan dáhùn, ohùn rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni Irja Heikkala, mà?" Mo wúkọ́ wẹ́rẹ́. Mo fa ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Ó ní, "À ń gba ohùn yín sílẹ̀ o, mà." Mo ní kò burú. Nígbà tó ka oògùn tí mo dárúkọ fún un tán, ó bi mí pé, "Gbogbo oògùn yín nìyí, mà? Ó dá yín lójú pé kò sí òmíràn?" Mo ní, "Kò sí." Èmi, tí n kò gbé inú ara Irja rí, ni mo dáhùn fún ara Irja. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo yọ búrẹ́dì mi, mo gé e nígbà tó ṣì gbóná. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ o, inú mi dùn.

Ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí i, Irja rò pé ìpolówó bíi tàwọn yòókù ni, ó sọ ọ́ sínú sítóòfù. Oṣù Kíní dé. Yìnyín ti dé orúnkún nígbà tó fẹsẹ̀ rìn wá sí ilé mi, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kóòtù. Ó ní, "Taimi, ilé oògùn ní ètò mi àtijọ́ ti parí, pé mo ti wà nínú òmíràn, òmíràn náà kò sì gba oògùn mi." Mo ní, "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ó gbà á kẹ̀!" Ó ní, "Kì í ṣe ìyẹn." Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síta. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n bí ẹni pé ó mú ẹyẹ kan tó fẹ́ fò dání. "Ọdún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí o ti bá mi yàn tán. Oògùn yẹn ló ń mú un dúró. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n á gba dùùrù lọ́wọ́ mi. Ìdí tí mo fi ṣe ẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí nìyẹn. Tí mo bá kó ìgò wá, wàá rí i. Iye tí wọ́n ní kí n san sì rèé, agbára mi ò ká a."

Mo ní ká pè wọ́n. Mo tẹ fóònù náà kí àwa méjèèjì lè gbọ́. Obìnrin tó dáhùn ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ pè wá pé kí a yí ètò yín padà." Irja ní, "Èmi kọ́! Mi ò pè yín!" Obìnrin náà ní, "Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ṣe é lórúkọ yín, ẹ sọ fún wa, ó ṣeé tú ká. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ni, ẹ máa ní láti dúró di ìparí ọdún. Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ohùn yẹn." Ó sì tẹ̀ ẹ́. Nínú kíṣìnì mi, lórí tábìlì mi, mo gbọ́ ikọ́ wẹ́rẹ́ yẹn. Mo gbọ́ "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Irja tẹ́tí títí ó fi parí. Ẹ ó bi mí pé, ṣé kò rántí pé mo mọ òun sín jẹ ni? Ó rántí. Ó wò mí, ó wo fóònù, mo rí i nígbà tí èrò náà kọjá lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sílẹ̀, ojú ń tì í pé òun ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rẹ́ òun. Ó ní, "Ohùn mi ni. Taimi, ohùn mi nìyẹn. Mi ò rántí. Mi ò rántí rárá. Ṣé orí mi ti ń dà rú ni?"

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ. Obìnrin yẹn ṣì wà lórí fóònù. Ká ní mo sọ ọ́, wọn ì bá tú u ká ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹyin lohùn, tèmi ti balẹ̀, ó ti fọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì lè jẹ́wọ́ pé ọwọ́ mi ló ti bọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo di ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn mú, mo sì sọ pé, "Irja, ọ̀rẹ́ mi, àgbà ti dé. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Mo fi ìgbàgbé tí kò ní lé e lórí bí ẹni dé fìlà fún òkú.

Ìyókù ṣojú yín. Ọjọ́ Àjíǹde, orin fọ́nká mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ sì ń wo ara yín lójú. Nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níbí, lórí kọfí, ẹ ní, "Irja ti ń lọ." Èmi ni mo pe Karin, ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Màmá ẹ ti ń gbàgbé nǹkan o." Karin ní, "Àǹtí Taimi, ẹ ṣeun tí ẹ ń bá wa ṣọ́ ọ." Dókítà ní ọwọ́ ló ń ṣe é, pé orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ti dókítà nígbà tí obìnrin náà ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti ń ṣarán? Òun fúnra rẹ̀ ló kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò fún Karin. Ó kó ìwé orin fún pásítọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n ta ilé tí baba rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó ní Marquette. Mo bá wọn di ẹrù. Nígbà tí ewé tún pọ́n, Karin yan ètò tó gba oògùn náà fún un, ọwọ́ sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilé mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ mọ́, òun pàápàá kò gbà á.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ bá a. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń wí fún un pé, "Ó ti jẹun tán! Ọmọ dáadáa!" Mo dúró títí ó fi jáde, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Irja ní, "Èmi kọ́ nìyẹn." Mo ní, "Ìwọ kọ́." Ó ní, "Orí mi pé." Mo ní, "Orí ẹ pé." Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, mo rò pé ìbínú ni, ìtura ni. Ó ní, "Ọdún kan gbáko ni mo fi ń bẹ̀rù ara mi. Láàárọ̀, kí n tó dìde, màá ka orúkọ àwọn ọmọ mi, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà nínú orí mi." Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún burúkú yìí, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Mi ò tíì lè ṣe é. O ti fẹnu ẹ sọ 'bẹ́ẹ̀ ni' fún mi lẹ́ẹ̀kan, má tún fẹ́ gba èyí lẹ́nu mi. Lọ sọ fún Karin. Lẹ́yìn náà, lọ sọ fún àwọn tó sọ mí di ẹni tó ń ṣarán." Mo ti sọ fún Karin. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi pé kí n máa lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, tí ẹ óò máa bá àwọn òbí yín yan nǹkan láìpẹ́: bí àgbà bá ní rárá, ó lè ní ìdí tí kò fẹ́ sọ. Ẹ fi rárá rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ní ti ẹ̀yin yòókù, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, nítorí kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀ jù. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ wọ mọ́tò, kí ẹ lọ sí Marquette. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Irja, ẹ má gbé ohùn sókè sí i, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ẹ tú aṣọ yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ bi í ní ìmọ̀ràn nípa ohun tó ń dà yín láàmú. Bí ó bá sì sọ fún yín pé nǹkan kan kò rí bí ẹ ṣe rò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á gbọ́.