Abẹ́rẹ́ Tí Mo Tì Bọ Ẹnu Afínmi

Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì buwọ́ lu ìwé yẹn. Gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò yìí, ẹ fi ìgò sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì ti há mi lọ́fun, mo sì fẹ́ bì í jáde lónìí. Ẹ má dá mi dúró o, torí bí mo bá sinmi pẹ́nrẹ́n, ojo inú mi á tún pa mí lẹ́nu mọ́.

Ẹ mọ̀ pé kí ẹ̀rọ yìí tó lè rí irin bí òjé nínú omi, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fín omi náà bí ìrì sínú iná rẹ̀. Afínmi tí èmi ṣe la ti ń lò fún un tipẹ́. Ẹ̀kán omi tó ń fín jáde tóbi jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi ń ro sínú ike ìdọ̀tí, díẹ̀ ló ń dé inú iná. Mo mọ̀, ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n sọ. Afínjú, àbúrò wa tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé á fọ ìgò títí ìgò á fi bẹ̀ ẹ́, ló ṣe tuntun tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, tí omi ń jáde níbẹ̀ bí èéfín. Inú bí mi. Èmi tí mo kọ́ ọ níṣẹ́! Nígbà tí ọ̀la máa jẹ́ ọjọ́ tí a ó dán afínmi rẹ̀ wò, ó lọ jẹun ọ̀sán, mo ti abẹ́rẹ́ bọ ẹnu afínmi rẹ̀, mo sì fẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa la rí i bí iná ẹ̀rọ ṣe ń ṣẹ́jú títí tó fi kú. Ọ̀gá ní, "Ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú mi." Afínjú wá bá mi, omijé ń dà lójú rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá." Mo ní, "Má sunkún mọ́, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe." Ẹ gbọ́ ẹnu ìkà!

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Nígbà tí wọ́n gbé omi kànga ilé-ìwé wá, afínmi mi ní kò sí òjé níbẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀yin ti ń lọ sílé nígbà tí mo yọ afínmi kejì tí Afínjú ṣe kúrò nínú àpótí rẹ̀, tí mo fi fín omi kan náà. Òjé yọ gbangba, májèlé tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Mo fọ ẹ̀rọ, mo tún àyẹ̀wò náà ṣe, òjé tún yọ. Mo wá pa ẹ̀rọ, mo dá afínmi padà, mo lọ sílé lọ jẹun. Láti ìjẹta tí mo ti mọ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé yẹn ṣì ń mu ún, nítorí kí orúkọ mi má baà bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó di ète. Ọ̀ràn balẹ̀, ó di èrò. Mo ti rò ó tán.

Olùkọ́ àgbà ilé-ìwé náà wà níta, ó ń retí ìwé tó máa sọ pé omi wọn dára. Èmi fúnra mi ni màá lọ sọ fún un pé kí wọ́n ti kànga náà pa. Bí ẹ bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré níbí, bí ẹni tí ẹ kọ́ níṣẹ́ bá mọ̀ ọ́n jù yín, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, kí ọwọ́ yín má baà ráyè mú abẹ́rẹ́. Afínjú, àbúrò mi, ọwọ́ rẹ kò ba nǹkan kan jẹ́. Dákun, forí jì mí. Gbé afínmi rẹ wá, kí o tan iná ẹ̀rọ. Lónìí, èmi ni màá fọ ìgò.