Àdúà Ìyá Ìyàwó fún Ọkọ̀ Eré Ìje

Táyà ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sí Awo jò ní Ẹdẹ, ibi tí wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan àti ọkùnrin kan tó ra ọkọ̀ àtijọ́ onílẹ̀kùn méjì.

"Bàbá, ẹ yọ àga ẹ̀yìn kó lè fúyẹ́. Ọjọ́ Àìkú lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa fi ọkọ̀ sáré ìje lórí pápá."

"Níbo ni ìyàwó rẹ ó wá jókòó?"

"Iwájú."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Wọn ò ní wọ ọkọ̀ àna wọn ni?"

Ọkùnrin náà họrí. "Wọ́n ń retí wa nílùú Ara lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní àwọn máa jókòó sínú ẹ̀, àwọn á ṣàdúà sí i."

"Àdúà tí o nílò gan-an nìyẹn. Jẹ́ kí àga wà."

"Ẹ ò mọ̀ wọ́n ni. Àdúà kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún ọkọ̀: kí Ọlọ́run má jẹ́ kó sáré."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Ṣé ó máa ń gbà?"

"Èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀, látọjọ́ tí wọ́n ti ṣàdúà sí i, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń yà á sílẹ̀."

"Háà! Mú sípánà yẹn fún mi, ká tètè yọ àga yìí."

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó sáré. Àdúà náà dùn lẹ́nu mi. Ìyá ìyàwó lèmi náà. Kí wọ́n tó fẹ́ táyà wa tán, mo ti bá ìyá tó wà ní Ara ṣe é sí ọkọ̀ ọkùnrin náà, mo sì fúnra mi ṣàmín.