Òfin Tí Mo Kọ Ló Pa Obìnrin Náà

Ìyá àwọn ọmọ mi, má tíì jáde. Àbúrò rẹ náà, kó jókòó. Dókítà ti sọ pé ẹ̀dọ̀ mi ò ní gbé mi jìnnà mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlẹ̀ lọ. Àbúrò, kì í ṣe ìwọ lo pa obìnrin tó kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù. Èmi ni.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn. Àkọsílẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní àpótí kan tí a ń to gbogbo oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀ sí. Bí ara aláìsàn ò bá kọ oògùn kankan, oníkálukú ń kọ ọ́ bó ṣe wù ú: ẹnìkan á ní 'kò sí', ẹlòmíì á ní 'kò sí rárá'. Ọ̀gá ní kí n sọ wọ́n di ọ̀kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo bá kọ òfin fún kọ̀ǹpútà: àpótí yòówù tó bá ti rí 'kò sí' nínú rẹ̀, kó da gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nù, kó fi 'kò sí' rọ́pò. Ó yẹ kó máa yẹ ohun inú àpótí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì fọwọ́ kan èyí tó yẹ nìkan. Ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yẹ díẹ̀ wò, ó dáa lójú mi, mo ń súfèé lọ sílé.

Obìnrin náà gbé ọgbẹ́ ẹsẹ̀ wá, ibà sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. 'Pẹnisilíìnì' ni wọ́n kọ sínú àpótí tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá kọ 'kò sí òmíràn' tẹ̀ lé e. Òfin mi rí 'kò sí', ó gbé pẹnisilíìnì mì. O yẹ kọ̀ǹpútà wò kí o tó gún un lábẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì, bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. 'Kò sí' lo bá níbẹ̀. Kí o tó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ti wú.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Nígbà tí ìròyìn kàn mí, mo tilẹ̀kùn ọ́fíìsì, mo dá àkọsílẹ̀ àtijọ́ padà. Ìgbà tí ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú náà máa fi wò ó, pẹnisilíìnì ti jókòó síbẹ̀ gbàgàdà. Ò ń sunkún: "Ẹ jọ̀ọ́, mo wò ó! Kò sí ni mo rí!" Ọ̀gá kọjú sí mi: "Ṣé kọ̀ǹpútà lè parọ́ ni?" Mo ní, "Rárá, sà."

Wọ́n lé ọ níṣẹ́, o kó ẹrù wá sínú ilé mi, ilé sì di ẹ̀wọ̀n fún mi. Bí mo bá jí, ò ń kí mi: "Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n, ẹ bò mí láṣìírí." Bí mo bá sá lọ síbi iṣẹ́, kọ̀ǹpútà yẹn ló ń dúró dè mí. Ibo ni mo fẹ́ gbà? Lánàá lo tún bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, àbí orí mi ló dàrú nígbà yẹn?" Orí rẹ ò dàrú. Ojú rẹ ò tàn ọ́ jẹ. Èmi ìkà ni mo jẹ́ kí o máa rò bẹ́ẹ̀.

Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò ní bínú. Kí àwọn ọmọ mi gbọ́ ọ: àṣìṣe ṣeé tún ṣe, ìbòmọ́lẹ̀ ló ń pa èèyàn. Mo ti pe ọ̀gá láàárọ̀, mo jẹ́wọ́ fún un, mo ní kó mú ọkọ olóògbé wá. Àwọn méjèèjì ló ń kanlẹ̀kùn yẹn. Ìyàwó mi, má dìde. Jẹ́ kí àbúrò rẹ ṣí i, òun ló yẹ kí ọ̀gá kọ́kọ́ bẹ̀.