Ìgbúnwọ́ Tó Wà Létí Fọ́tò

[Fóònù ń dún nílé Rukku, ní Arani. Àwọn èèyàn ń jẹun.]

KUPPAMMAL: Rukku, àbúrò mi, gbé abọ́ oúnjẹ ìdílì yẹn wá síbí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ sún mọ́ mi, ẹ yí mi ká! Ẹni tó ń fọ abọ́, kó fi sílẹ̀ ná. Ọkọ mi ló ń pè láti Kanchipuram. Mo ti fi í sórí sìpíkà. [Ẹ̀rín.] Hẹ́lò!

EKAMBARAM: Hẹ́lò! Ìyá Kayal, o káàárọ̀ o. Ara le? Rukku ńkọ́? Ọkọ ẹ̀ ńkọ́? Ewúrẹ́ wọn ńkọ́?

KUPPAMMAL: Ewúrẹ́ ní kí n kí yín. Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá Ahunṣọ Gbogbo Ayé.

EKAMBARAM: Ṣé o gbọ́ mi? Níbo lo gbé ṣúgà sí?

KUPPAMMAL: Ṣúgà lẹ tìtorí ẹ̀ pè mí?

EKAMBARAM: Ṣúgà ni. Àti pé... Varadan wà níbí.

KUPPAMMAL: Varadan oníṣọ́ọ̀bù tó ń bá wa ta aṣọ? Ẹ ò fún un ní kọfí?

EKAMBARAM: Mo fún un. Iyọ̀ ni mo bù sí i.

KUPPAMMAL: Ẹ ṣáà ti rí iyọ̀.

EKAMBARAM: Ó mú ìyá ìyàwó tuntun kan dání. Wọ́n wá wo aṣọ sárì ìgbéyàwó—

KUPPAMMAL: Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó.

EKAMBARAM: Ó ṣì wà lórí òfì. Kò tíì dé ìdajì.

KUPPAMMAL: Kò dé ìdajì! Iṣẹ́ ẹni tí fọ́tò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn? Ẹni tí wọ́n kọ pé òun nìkan ló ń dá hunṣọ—

EKAMBARAM: Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́! Oníwèé ìròyìn ni—

KUPPAMMAL: Ó bi yín pé ìgbúnwọ́ ta ló wà létí fọ́tò. Kí lẹ sọ?

EKAMBARAM: [Ó ń húkọ́.] Ṣé o gbọ́ mi? Láìnì yìí ò—

KUPPAMMAL: Ẹ ní, "Ẹnì kan tó máa ń bá mi di òwú mú ni." [Ará ilé: "Háà!"] Láti ìgbà tí mo ti wọlé yín, ẹ̀yin ń ju ọ̀kọ̀ òwú àárín aṣọ, èmi ń ju ti etí. Bí òwú pupa tèmi ò bá kọ́ òwú aláwọ̀ ewé tiyín lọ́rùn, aṣọ dà? "Ẹnì kan!"

EKAMBARAM: Mo ti fi Mani aládùúgbò wa sí ìjókòó ẹ nídìí òfì.

KUPPAMMAL: Ẹ kú ọgbọ́n.

EKAMBARAM: Etí aṣọ náà ká kò bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rí iná. Mo tú u, ó tún ká. Ìyá ìyàwó sì rí i! Ó ní tó bá ṣe pé báyìí niṣẹ́ ọwọ́ ṣe rí, òun á kúkú lọ ra èyí tí ẹ̀rọ hun. Varadan ní tó bá lọ, òun ò ní gbé iṣẹ́ fún wa mọ́. Òfì wa á ṣófo o! Ṣé o gbọ́ mi?

KUPPAMMAL: [Ó ń kọrin.]
Ẹnì kan ò sí nílé o,
Ẹnì kan ti lọ Arani,
Ẹnì kan ń jẹ ìdílì,
Kí ọ̀gá máa hunṣọ lọ!
[Ará ilé ń gbè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.]

EKAMBARAM: Ta ló ń pàtẹ́wọ́ yẹn? O fi mí sórí sìpíkà?

KUPPAMMAL: Ẹ̀yin olókìkí! Ṣé ẹ̀ ń tijú èrò ni?

EKAMBARAM: Kí lo fẹ́ kí n ṣe?

KUPPAMMAL: Ẹ sọ fún àwọn àlejò yín, ẹni tó ń hun etí aṣọ. Ẹ má sì pe "Ìyá Kayal" o. Orúkọ mi gan-an.

EKAMBARAM: Orúkọ? Mi ò pè é rí! Ìwọ náà ò pe tèmi rí. Tọkọtaya wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa?

KUPPAMMAL: Ó dáa. Ẹ kí Mani fún mi—

EKAMBARAM: Dúró! [Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.] Kuppammal ni.

KUPPAMMAL: Hẹ́lò? Láìnì yìí ò dáa o.

EKAMBARAM: Kuppammal!

KUPPAMMAL: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Atẹ́gùn nìkan ni mò ń gbọ́.

RUKKU: Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo wa la gbọ́—

KUPPAMMAL: Jẹ ìdílì ẹ.

EKAMBARAM: [Ó figbe ta.] Kuppammal ni o! Kuppammal ìyàwó mi ló ń hun etí gbogbo sárì tó ń jáde nílé yìí! Gbogbo àdúgbò, ẹ gbọ́, ìgbúnwọ́ rẹ̀ ló wà nínú fọ́tò! Tí ò bá sí i, àkísà ni mò ń hun! [Ajá ń gbó. Obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín.]

KUPPAMMAL: Ẹ̀n-ẹ́n. Láìnì ti dáa. Kí ni ìyá ìyàwó wí?

EKAMBARAM: Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò lọ ra ti ẹ̀rọ mọ́, òun á dúró dè ẹ́.

KUPPAMMAL: Kí Mani dìde níjòókòó mi. Ẹ gbé ìrẹsì kaná fún àwọn àlejò. Inú agolo iyọ̀ ni ṣúgà wà, iyọ̀ wà nínú agolo ṣúgà.

EKAMBARAM: Ta ló lè mọ ìyẹn?

KUPPAMMAL: Ẹnì kan mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tibí, ẹ ti yó, ẹ ti rẹ́rìn-ín. Ẹ fọwọ́, kí kálukú máa lọ sílé ẹ̀. Rukku, bá mi gbé báàgì mi. [Omi ń dà, bàtà ń dún, ẹ̀rín ń lọ síta.]

EKAMBARAM: Ṣé ò ń bọ̀? Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

KUPPAMMAL: Mò ń bọ̀, Ekambaram!

[RUKKU: "Yéè!"]

EKAMBARAM: Kí... kí lo pè mí? Kuppammal? Tún un pè, láìnì ò dáa, mi ò gbọ́—

[Ìpè já.]