Èmi Ni Mo Kọ́ Adìẹ Màmá Kọ́lá Láti Wá Yé Sílé Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó lé lọ́dún méjì tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo ti jẹ́wọ́ fún àwọn tí mo ṣẹ̀, ara sì ti tù mí, àmọ́ ó ku ibì kan tí mo ń fẹ́ ìmọ̀ràn yín.

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni mò ń gbé, gààrí ni mò ń ṣe. Màmá Kọ́lá ni aládùúgbò mi, kò sí ògiri láàárín àgbàlá wa. Ó ní àgbébọ̀ adìẹ mẹ́fà tó ń yé dáadáa. Àrùn ti pa tèmi tán. Mo jowú rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi ṣíbí lu abọ́ tánńganran kí ìyókù àgbàdo inú rẹ̀ lè dà nù. Méjì nínú adìẹ rẹ̀ sáré wá ṣà á jẹ. Lọ́jọ́ kejì mo tún lù ú, wọ́n tún wá. Ibẹ̀ ni èrò burúkú ti wọ inú mi.

Bí Màmá Kọ́lá bá ti lọ sóko, mo máa lu abọ́, mo máa da àgbàdo sílẹ̀. Kò pẹ́ tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi mọ ìró náà. Mo tẹ́ koríko gbígbẹ sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná mi, mo sì fi ẹyin kan síbẹ̀, torí ibi tí adìẹ bá rí ẹyin ló máa ń fẹ́ yé sí. Nígbà tó yá, mi ò fún wọn ní àgbàdo mọ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ "káń, káń", eré ni. Èmi àtàwọn ọmọ mi ni a jẹ ẹyin náà.

Màmá Kọ́lá wá ẹyin títí. Fúnmi, ìyàwó Kọ́lá, ọmọ Emùrè-Ilé, ló máa ń wà nílé láàárọ̀. Òun ni wọ́n pè lólè. Ó sunkún, ó búra, wọn ò gbà á gbọ́. Kọ́lá ọkọ rẹ̀ kò gbè é lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tó ń padà sílé bàbá rẹ̀, èmi ni mo bá a gbé báàgì sórí ọ̀kadà. Èmi! Mo tún sọ fún un pé mo mọ̀ pé kò jalè.

Ẹ̀rù wá bà mí. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ kúrò, mi ò lu abọ́ mọ́. Àwọn adìẹ padà lọ ń yé sílé. Màmá Kọ́lá ní, "Ẹ ò rí i? Olè ti lọ." Ẹ jọ̀ọ́, mo dákẹ́.

Lóṣù tó kọjá, mo pàdé Fúnmi lọ́jà l'Ọ́wọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. "Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ gbà pé mi ò jalè. Mo máa ń gbàdúrà fún yín."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí a ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá Kọ́lá àti ọmọ rẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá Kọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, ẹ fẹ́ràn ọmọ yẹn jù. Ẹ má gba ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ rù."

Mo bá lọ gbé abọ́ jáde. Mẹ́ta péré ló kù nínú adìẹ náà. Ṣé wọ́n á tiẹ̀ rántí? Mo lù ú, kò sí nǹkan kan. Mo tún lù ú. Àgbébọ̀ dúdú kan gbórí sókè, ó sì bẹ́ sáré. Àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n kọjá lára wa, ó di ẹ̀yìn ilé ìdáná mi, wọ́n ń fẹsẹ̀ tú ilẹ̀ níbi tí apẹ̀rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ gan-an.

Màmá Kọ́lá káwọ́ lérí. "Yéè! Mo ti ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́!" Kọ́lá ti wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ láti lọ bá Fúnmi.

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Emùrè-Ilé, mo dúró láàárín agbo ilé bàbá Fúnmi, mo jẹ́wọ́. Bàbá Fúnmi dìde. "Ẹ pe àwọn tó kù wá! Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ mi ò jalè!" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un sọ. Bí mo bá ti sọ ọ́ tán, wọ́n á hó yèè. Ojú tì mí, àmọ́ mi ò ráyọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Màmá Kọ́lá kúnlẹ̀, Kọ́lá dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀, Fúnmi sì bá wọn padà wálé lọ́sẹ̀ kejì.

Ó ní òun ti dárí jì mí. "Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n máa kí yín láti òkèèrè ná, mà." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọkàn mi ń fà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ bá a, àbí kí n dúró de ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ máa wọlé mi? Èyí tí ẹ bá sọ ni màá ṣe. Láàárọ̀ yìí, ó gba iwájú ilé mi kọjá, ó gbórí sókè, ó ń kọrin, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Fúnmi, kì í ṣe olè mọ́.