Sányán Tí Kò Dé Muṣin

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi láti ọdún mẹ́ta, n kò sì lè gbé e kọjá Kérésì tó ń bọ̀ yìí. Sátidé tó ṣáájú ọdún ni àṣírí mi yóò tú, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á tán ná.

Aránṣọ ni mí ní Yábàá. Ilé kan náà ni èmi, ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi ń gbé. Ìyá ọkọ mi ní àbúrò kan ṣoṣo, Àǹtí Ràkẹ́lì, tí wọ́n ń gbé ní Muṣin. Nígbà tí ìyá wọn kú, àwọn méjèèjì jà sí ìró sányán tí ó fi sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi mú un, nítorí pé àwọn ni àgbà. Àǹtí ní àwọn ni olóògbé ṣèlérí rẹ̀ fún. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: inú mi dùn sí ìjà náà. Ọdún márùn-ún ni mo ti lò nílé ọkọ nígbà náà, n kò rí oyún. Níṣojú mi ni Àǹtí ti sọ fún ọkọ mi pé kí ó wá ẹlòmíràn tí yóò bímọ fún un, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ iṣu tó ti kẹ̀. Mo gbé oúnjẹ wọn kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹun. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò láyà mi. Nígbà tí wọn kò wá mọ́, mo sinmi.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìgbà Bíbọ̀ Olúwa tó ṣáájú Kérésì kì í ṣe ọ̀sẹ̀ orin nìkan. Ẹni tó bá ń bá ènìyàn yan odì gbọ́dọ̀ rán alárinà lọ bẹ̀ ẹ́, kí ó tó gba Oúnjẹ Olúwa lọ́jọ́ ọdún. Àlùfáà wa máa ń wí pé a kì í gbá ojúde de àlejò kí a fi pàǹtí sí yàrá. Ẹ̀gbọ́n kì í sì í lọ kúnlẹ̀ fún àbúrò, nítorí náà, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ìyàwó ilé ni ìyá ọkọ mi rán. Wọ́n yọ sányán náà nínú àpótí, wọ́n dì í sínú aṣọ funfun.

"Mú un fún Ràkẹ́lì. Sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi. Kó wá bá mi jẹun ọdún."

Mo wọ bọ́ọ̀sì. Mo dé Ìdí-Òró, tó kù díẹ̀ kí n dé ilé Àǹtí, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo rò ó pé bí Àǹtí bá padà, ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì yóò bá wọn padà. Mo jókòó sábẹ́ igi kan títí oòrùn fi rọlẹ̀, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti aṣọ náà bọ ìsàlẹ̀ àpótí. Mo délé, mo ní Àǹtí gba aṣọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní wá.

Mo rò pé inú yóò bí ìyá ọkọ mi débi pé wọn kò ní rán mi mọ́. Ó tì o! Ńṣe ni ojú wọn là. "Ó gbà á? Ẹni tó gba aṣọ ẹni kò tíì kọ ẹni." Irọ́ tí mo pa láti fi pa ìrètí wọn, òun ló sọ ọ́ jí.

Láti ìgbà náà, bí ìgbà Bíbọ̀ Olúwa bá ti wọlé, wọn a fọ abọ́ tánganran kan, wọn a da ojú rẹ̀ dé sórí tábìlì, wọn a ní ti Ràkẹ́lì ni. Wọn a tún rán mi. Èmi náà á tún lọ jókòó sí Ìdí-Òró, n ó tún wá purọ́. Lọ́dún kejì, olórí kíláàsì wa ní ṣọ́ọ̀ṣì gbàdúrà fún mi níwájú ìjọ, wọ́n pè mí ní onílàjà. Mo ṣe àmín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, mo gba Oúnjẹ Olúwa pẹ̀lú.

Lọ́dún yìí Ọlọ́run dá mi lóhùn, mo bí ọmọbìnrin. Ìyá ọkọ mi gbé e, wọ́n sunkún, wọ́n ní Ràkẹ́lì kò mọ̀ pé a ti bímọ. N kò lè wo ojú wọn. Ohun tí mo ń sá fún ti lọ, irọ́ náà nìkan ló kù.

Ojú ìyá ọkọ mi ti ṣú báyìí, wọn kì í rí ọ̀nà dáadáa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n pè mí. "Ìyàwó, n kò rán ọ mọ́. O ti rìn tó. Di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ọdún, kó o mú mi dé ilé Ràkẹ́lì. N ó kúnlẹ̀ fún un."

Ẹ̀gbọ́n, fún àbúrò! Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, Muṣin jìnnà.

"Olúwa tó ti ọ̀run bọ̀ ńkọ́?"

Lánàá mo yọ sányán náà. Kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ tún un rán, iṣẹ́ mi ṣáà ni, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ hàn. Ìyá ọkọ mi kò ní rí i. Àǹtí yóò rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ mi kò mọ nǹkan kan. Ṣé kí n jẹ́wọ́ nílé, bí wọn yóò tilẹ̀ lé mi? Àbí kí n jẹ́ kí àgbàlagbà tí kò jẹ̀bi mọ́ lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé èmi ló yẹ kó kúnlẹ̀?

Láàárọ̀ yìí, ìyá ọkọ mi fọ abọ́ náà. Lọ́dún yìí, wọn kò da ojú rẹ̀ dé.